Dísìkì Méjì Tó Jọra Bí Ìbejì

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ láti kúrò lọ́kàn mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí kọ̀ǹpútà tó ní SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, ní àdúgbò Plateau níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà tẹ bọ́tìnì. Kí n tó jókòó tán, ó ti tàn. Láti ìgbà náà ni mi ò ti gbádùn kọ̀ǹpútà tèmi tó ń falẹ̀ mọ́.

Mo ra irú dísìkì bẹ́ẹ̀ kan. Nígbà tó kún, mo ra èkejì, gígàbáìtì 480 bíi ti àkọ́kọ́, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n jọra bí ìbejì. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi í sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi, Ràmátù, wá dúró tì mí. Ohùn ìyá wa tó ti kú wà lórí dísìkì àtijọ́, ìgbà mẹ́rìnlá tí ẹ̀gbọ́n mi gbà á sílẹ̀, tí màmá ń bá ewúrẹ́ jà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá mo ti ṣe ẹ̀dà wọn. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ọ̀gá ló wà nídìí iṣẹ́.

Mo fi tuntun sí ihò kìíní, mo sún àtijọ́ sí ìkejì. Ọ̀gá gbàgbé wáyà iná. Lẹ́yìn náà, síkúrù kan já bọ́ sínú àpótí kọ̀ǹpútà, mo sì dorí rẹ̀ kodò, mò ń mì ín bí ẹni ń gbọn kóló.

Ó kù kí n nu tuntun, kí n sì fi ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà sí i. Ojú ẹ̀rọ kọ dísìkì 0 àti dísìkì 1, ìwọ̀n kan náà. Mo rò ó pé àgbà ni yóò wà níwájú. Ta ló ń ka àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n? Mo nu dísìkì 1, mo sì fi ètò lé e lórí.

Ẹ̀rọ ò mọ àgbà. Ihò ló ń kà: àtijọ́ tó wà ní ihò kejì ni dísìkì 1. Gbogbo ohun tí mo fi wá àwọn fáìlì náà ò mú nǹkan kan bọ̀.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọn ò pariwo. “Àbúrò, ó ti yára báyìí. Kí ni yóò máa yára gbé jáde?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti àdúgbò Adido dé Bessé, mò ń bẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n wo fóònù wọn, bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn rí. Nísinsìnyí, mo ń ṣe ẹ̀dà kí n tó mú irinṣẹ́. Kọ̀ǹpútà mi ń tàn ní ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n iye tí ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí kọ́ nìyẹn. Mẹ́sàn-án nínú ohùn mẹ́rìnlá náà ló ti padà. Nínú ẹ̀kẹsàn-án, tó wọlé láná, màmá ń sọ fún ewúrẹ́ pé kò gbọ́ràn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó dùn mí.