Orin Tí Akóredé Fi Fẹ́ Títíladé

Ẹjọ́ orin ló wọ ààfin Baálẹ̀ wa lánàá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní Abà Ọlọ́sàn wa yìí, lójú ọ̀nà Ìjàyè, a ti gbẹ́jọ́ ààlà oko, a ti gbẹ́jọ́ adìẹ tó lọ yé sílé onílé, ṣùgbọ́n a ò tíì rí obìnrin tó di ẹrù kúrò nílé ọkọ nítorí orin. Títíladé, ọmọ tíṣà Onítẹ̀bọmi kan ní Mọníyà, ló kọ́kọ́ ṣe é.

Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ti fi ìborùn dì í gírígírí. Akóredé ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, dúró lápá kejì. Ẹrù yẹn nìkan ló ń wò.

"Títíladé, kí ni ọkọ rẹ ṣe fún ọ?" Baálẹ̀ ló béèrè.

"Bàbá, kò nà mí, kò sì febi pa mí. Orin tó fi fẹ́ mi ni mo bá wá."

"Orin wo?"

"Èyí tí gbogbo yín mọ̀ ni." Ó gbé e lóhùn jẹ́jẹ́: "Jẹun kí o yó, arẹwà mi. Mumi kí ara rẹ dán. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo ilé yóò yọ̀ nítorí rẹ."

Kí ó tó kọ ọ́ débì kan, orí Ọ̀tún ti ń mì, ẹsẹ̀ Ìyálóde sì ti ń jó lábẹ́ àga. Baálẹ̀ húkọ́ kí wọ́n tó rántí pé ẹjọ́ làwọn wá gbọ́.

"Ó dùn. Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, a ń bó ẹ̀gẹ́, rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n pe olórin tó ni orin náà wá, wọ́n bi í pé ta ló kọ orin yẹn fún. Ó ní àgbò Iléyá òun ni."

Ẹsẹ̀ Ìyálóde dúró lábẹ́ àga.

"Àgbò?" ni Ọ̀tún wí.

"Àgbò, Bàbá! Èyí tó so mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó ń já èèpo ẹ̀gẹ́ fún. 'Jẹun kí o yó.' Kó lè sanra ni! 'Ọjọ́ kan ń bọ̀.' Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọjọ́ tó ń bọ̀! Láti ìgbà yẹn, àwọn tá a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ ò pè mí lórúkọ mọ́. 'Ìyàwó àgbò' ni mò ń jẹ́. Bí mo bá ti bu òkèlè, wọ́n á ní ọjọ́ ti sún mọ́lé."

Mo fi fìlà bo ẹnu. Ẹ̀rín burúkú ló fẹ́ pa mí.

"Akóredé, ṣé o mọ̀ pé àgbò ni wọ́n kọ ọ́ fún?"

Mo rò pé yóò sẹ́. Wẹ́rẹ́ ló jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀, Bàbá. Abà kan náà ni ìyá mi àti ìyá olórin yẹn ti wá. Mo mọ àgbò náà dáadáa."

"O mọ̀, o sì kọ ọ́ fún ọmọ olọ́mọ lójú àwọn àna rẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ ò mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe fẹ́ràn àgbò náà tó. Nígbà tí ọ̀fìnkìn mú un, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sùn tì í títí ara àgbò fi yá. Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà níbí, ta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ rí?"

"Kò sí!" Àwọn obìnrin tó rọ̀ mọ́ fèrèsé ló dáhùn. Ìyàwó Jagun wà láàrin wọn. Jagun, tó jókòó ti Ọ̀tún, bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé.

"Irú ìfẹ́ yẹn ló wù mí ni mo ṣe mú orin rẹ̀, Bàbá."

"Wọn ò wá jẹ ẹ́ ni?"

Akóredé wolẹ̀. "Wọ́n jẹ ẹ́."

"Ẹn-hẹ́ẹ̀n."

"Ṣùgbọ́n tẹkúntẹkún ni, Bàbá. Ọkùnrin yẹn ń sunkún bó ṣe ń họ egungun."

"Ẹ gbọ́ o!" Títíladé ká ọwọ́ lérí. "Tẹkúntẹkún lòun náà máa jẹ mí!"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Wándé, tó máa ń gbé orin sẹ́rọ níbi ìnáwó, ló kọ́kọ́ jáde.

"Irọ́ ni rédíò ń pa. Ìyàwó olórin náà tó wà lókè òkun ló kọ ọ́ fún. Gbogbo ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"Lẹ́nu ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ?"

"Lẹ́nu mi, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ìwọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n bí n ò bá sọ nǹkan kan, wọ́n á ní n ò mọṣẹ́."

Lazarus, aṣáájú akọrin Kérúbù, ti Wándé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀mí ló mí sí orin yẹn. Ọjọ́ ìkórè la máa ń kọ ọ́ fún Olúwa."

"Ṣé Olúwa lẹ ń sọ fún pé kó jẹun kó yó?" Ìyálóde béèrè.

Lazarus ronú. "A máa ń yára kọjá ibẹ̀."

Àrínọlá, ìyá tó máa ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo abà, ní ìyẹn náà kọ́. "Orin ọmọ ni. Òun ni mo fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. 'Gbogbo ilé yóò yọ̀ nítorí rẹ.' Ta ló ń yọ̀ nítorí àgbò?"

"Gbogbo wa!" Ọ̀tún ti sọ ọ́ kí wọ́n tó mọ̀.

Ojú Baálẹ̀ yí padà. "Ẹ dúró ná. Lọ́jọ́ tí mo joyè, tí ẹ gbé oúnjẹ ka iwájú mi, orin wo lẹ kọ?"

Ìyálóde ń tún gèlè ṣe. Baálẹ̀ fọwọ́ pa ikùn wọn, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì yíjú padà sí Títíladé.

"Ọmọ mi, ṣé nítorí àgbò lo fi fẹ́ kọ ọkọ ni?"

"Bàbá, kì í ṣe ti àgbò mọ́." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Lọ́jọ́ tó kọ orin yẹn, mo rò pé èmi nìkan ló ń bá wí. Mo wá rí i pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ fún. Ó dùn mí gan-an ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ náà dun èmi náà.

Baálẹ̀ dìde. "Ẹ mú okùn àgbò wá. Akóredé, ẹni tó forin àgbò fẹ́yàwó, ìso àgbò tọ́ sí i. A ó so ọ́ mọ́ ìdí mángòrò yìí, èèpo ẹ̀gẹ́ sì ni oúnjẹ rẹ, títí o fi máa kọ orin tó jẹ́ ti Títíladé nìkan. Àgbò ò gbọdọ̀ lè gbà á. Ọmọ tuntun ò gbọdọ̀ lè gbà á. Lazarus ò gbọdọ̀ lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí oòrùn bá wọ̀ tí o ò rí i kọ, kí Títíladé máa gbẹ́rù rẹ̀ lọ sí Mọníyà."

Wọ́n so ó lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀: "Títíladé, ibi tó o bá wà ni ìmọ́lẹ̀ wà."

"Ṣọ́ọ̀ṣì lè gbà á!" Lazarus ti ń wá bébà.

"Títíladé, eléyín funfun."

"Àgbò náà léyín funfun," ni Àrínọlá wí.

Oòrùn ń lọ. Títíladé ti fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó lanu:

"Títíladé tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì bíi bàbá rẹ̀ tíṣà. Títíladé tí kì í fẹnu bínú. Bó bá bínú, á da iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Màá jẹ ẹ́ tán, màá ní o ṣeun, màá wá lọ mumi nídìí àmù."

Orin náà kò dùn. Orí ẹnì kankan ò mì. Títíladé ló dìde.

"Ẹ mọ̀ pé mo ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?" Láti àárọ̀, àfìgbà yẹn ló fi "ẹ" pe ọkọ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé bí mo bá jẹ ẹ́ tán, ìbínú náà á tán."

Ó kúnlẹ̀, ó ń tú okùn náà. Okùn le, ó sì fi eyín tú u. Nígbà tó tú tán, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé Akóredé lórí, ó ní kó máa ṣíwájú lọ sílé.

"Títíladé," Baálẹ̀ pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ọbẹ̀ alẹ́ yìí ńkọ́?"

"Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni, Bàbá."