Páànù Tó Kan Baba Aláàánú

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni Baba Aláàánú.

Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Aláàánú-ojú-kámẹ́rà ni aládùúgbò ń pè é. Bí fótógíráfà bá ń sinmi, àánú rẹ̀ náà a sinmi. Wọ́n ní àgbà tó gbọ́n kì í sunkún kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà. Àgbà wo ló sọ ọ́? Òun náà ni.

Ìjì jà ní àdúgbò ìsàlẹ̀, ó ṣí òrùlé lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Aláàánú kó ogójì páànù sẹ́yìn ọkọ̀. Ilé tuntun tó ń kọ́ ló rà á fún.

Ó ní, "Awakọ̀, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn á ya fótò, a ó kó o padà. Páànù ò lẹ́nu, kò lè rojọ́."

Wọ́n bá Ìyá Aránṣọ nínú ilé tí kò lórí mọ́. Ó ti fi ọ̀rá bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run tó ń ṣú. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Bí òjò bá bà á jẹ́, ó parí.

"Mama, ẹ kú ewu. Páànù ìfẹ́ rèé."

"Ẹ ṣeun, Baba. Ìfẹ́ yín yìí, ṣé kì í jò?"

 Aláàánú gun àga, ó gba gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìyà yín kàn mí! Òrùlé yín kàn mí! Páànù yìí, ó kàn mí!"

Káfíńtà àdúgbò wà níbẹ̀ tòun ti òòlù. Kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn. "Kàn" nìkan ló gbọ́.

"Ká kàn án ni, Baba?"

"Ó kàn mí gan-an! Ó kan gbogbo wa!"

"Ẹ gbọ́! Ó ní gbogbo wa ni ká kàn án!"

Àwọn ọkùnrin gun òkè. Gbà! Gbà! Gbà! Aláàánú rò pé àtẹ́wọ́ ni. Ó fi áńkáṣíìfù bojú, ó ń sunkún. Fótógíráfà ní kó fi kún un, ó fi kún un. Ìgbà tó ṣíjú, páànù méjìlá ti wà lórí ilé Ìyá Aránṣọ.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"À ń kàn án, Baba."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kàn án?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ wí i tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún."

"Ẹ yọ ọ́! Ti ilé mi ni! Torí fótò lásán ni mo ṣe gbé e wá!"

Gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Àdúgbò gbọ́ ọ dé òpin títì.

 Ìyá Aránṣọ jáde síta.

"Níjẹta, ìjì ló ṣí orí ilé mi. Lónìí, ẹ̀yin náà fẹ́ ṣí i. Kí ni ká wá máa pè yín, Baba Ìjì?"

"Baba Ìjì!" Ẹ̀rín bú. Awakọ̀ rẹ̀ gan-an di ikùn mú.

Káfíńtà ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ka èyí tó kù. "Ó ku méjìdínlọ́gbọ̀n. Ilé ta ló kàn?"

Kí òjò tó dé, wọ́n ti kó ìyókù lọ sí àwọn ilé tó kàn. Ìyá Aránṣọ ká ọ̀rá kúrò lórí ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ń ránṣọ. Baba Ìjì sáré wọ ọkọ̀ tó ṣófo.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ibi tí òrùlé ilé tuntun gbà lọ. Kò dáná. Búrẹ́dì àná ni Baba Ìjì jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi omi tì í.