Ojú Kìnnìún Lára Owó

Ní ayé ọjọ́un, nígbà tí ẹranko ń san owó orí tí wọ́n sì ń dúpẹ́ pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, Kìnnìún jọba lórí wa. Ó ti darúgbó: ojú rẹ̀ kan ti fọ́, irun ọrùn rẹ̀ ti re, eyín rẹ̀ sì ti kán tán tó fi jẹ́ pé iṣu ló ń jẹ. Èmi Ọ̀yà ni mò ń sọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ojo bíi tèmi ò láyà àtipurọ́.

Lọ́jọ́ kan, Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ gbé owó fàdákà ìlú Róòmù àtijọ́ kan dé. Orí ọba wọn wà níwájú, ó dé adé ewé. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan gbé agbọ̀n oúnjẹ dání.

Kìnnìún ní, "Ẹ ṣe tèmi."

Àkókó ló gbẹ́ ẹ, Ìkòokò olórí ìjòyè dúró tì í. Lára owó náà, ojú ọba méjèèjì là kedere, irun ọrùn kún bò ó. Lẹ́yìn owó, agbọ̀n iṣu kún fọ́fọ́.

Kìnnìún wò ó títí. "Èmi gan-an rèé!"

A pàtẹ́wọ́. Tèmi ló dún jù.

Owó náà kárí ìlú, ṣùgbọ́n ebi ń pa wá lọ́dún náà. Ọ̀bọ béèrè ní ìgbìmọ̀ pé, "Kábíyèsí, agbọ̀n iṣu yìí dà?"

Ìkòokò dá a lóhùn: "Ẹ yí owó yín padà, ẹ ó rí i."

A yí i padà, a rí i, a lọ sílé.

Ìkòokò tún ní ayédèrú ọba pọ̀ níta. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ lọ́ba, kí wọ́n fi ojú rẹ̀ wé ti owó. Kìnnìún fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀.

Ó wá lọ wẹ̀ lódò. Nígbà tó ń bọ̀, irun tó kù ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ìmàdò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin dá a dúró. Èmi náà wà níbẹ̀, mo mú owó orí mi wá. Ó gba ẹyọ kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Kìnnìún.

"Ti owó ní ojú méjì. Tìẹ dà?"

"Ọ̀yà, ìwọ náà ṣáà mọ̀ mí!"

Mo mọ̀ ọ́n. Ohùn yẹn ló ń lé mi wọ ihò láti kékeré. Mo wo owó, mo wo Ìkòokò lójú fèrèsé, mo ní, "Ọba tí mo mọ̀ kò fọ́jú."

Wọ́n nà án, wọ́n lé e jáde. Ìkòokò gbé owó sórí ìtẹ́, ó ní òun nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kìnnìún wá sẹ́nu ihò mi. "Ọ̀yà, jọ̀ọ́, fún mi ní nǹkan jẹ."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ẹyọ owó kan ṣoṣo ló kù nílé. Mo fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ yí i padà, Kábíyèsí. Iṣu wà lẹ́yìn."

Ó yí i padà lóòótọ́. Mo fi í síbẹ̀ níbi tó ti ń wò ó, mo sáré gba ààfin lọ. Àárọ̀ la máa ń dọ̀bálẹ̀ fún owó, n ò sì fẹ́ kó bínú sí mi.