Àpótí Bàtà Tí Mo Gbé Lọ sí Òṣogbo

Wọ́n gba ipò tó tọ́ sí mi lọ́wọ́ mi níṣojú ọgọ́rin ènìyàn, wọ́n sì gbé e fún ọmọbìnrin tí mo fi ọdún mẹ́fà ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ dàgbà tó Mètúsélà, ọjọ́ náà nìyẹn. Mo kàwé jáde ní yunifásítì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀sùn, n ó sì tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo bù mọ́ ọn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni. Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ọ́fíìsì kan ní Iléṣà, níbi tí a ti ń kọ ètò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ rò pé kọ̀ǹpútà jẹ́ ohun tí ènìyàn ń gbé ka orí tábìlì, ẹ fara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn tóbi tó yàrá kan, kò sì sí ẹyọ kan ní gbogbo Iléṣà. Káàdì la fi ń bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn páálí pẹlẹbẹ tó gùn tó àpò ìwé lẹ́tà, tí a ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí. Gbólóhùn kan, káàdì kan. Ètò tó bá ní irínwó gbólóhùn, irínwó káàdì ni, ẹ̀rọ náà yóò sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Bí káàdì kan bá fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ní àṣà kan. Bí a bá ti to káàdì tán, a ó kó wọn jọ kí etí wọn dọ́gba, a ó wá fi pẹ́ńsùlù fa ilà kan tó dà gẹ̀rẹ̀ sí etí gbogbo wọn láti igun kan dé ìkejì. Bí wọ́n bá wá dàrú lọ́jọ́ kan, ilà yẹn la ó fi tún wọn tò, bí ẹni tó ń to àwòrán tó ti ya. Mo ní gbogbo wa. Kí n yọ ara mi kúrò. Èmi kì í fa ilà. Lójú tèmi, ẹni tó bá mọ ohun tó kọ kò nílò pé kí ilà máa sọ fún un ibi tó wà.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, Fúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀, tí pẹ́ńsùlù pupa kì í kúrò ní etí rẹ̀. Bó bá ti to káàdì ogún péré, ó ti fa ilà. Mo máa ń dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ tí n ó máa bi í pé ṣé ìró ló fẹ́ gé ni àbí bùbá, nítorí iṣẹ́ télọ̀ ló jọ lójú mi. Ó máa ń rẹ́rìn-ín ni. Lọ́jọ́ kan ló wá dá mi lóhùn.

“Bọ̀dá, bí tiyín bá já bọ́ sílẹ̀ ńkọ́?”

“Ta ni yóò jẹ́ kó já bọ́?”

Ẹ bá mi fi ìbéèrè mi yẹn sọ́kàn.

Lẹ́tà kan dé lọ́jọ́ kan pé wọ́n fẹ́ ṣe àpérò ní Òṣogbo fún gbogbo àwa tí a ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní agbègbè wa. Ilé-iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ni yóò yá wa ní gbọ̀ngàn àti ẹ̀rọ, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan yóò sì gbé ètò tirẹ̀ wá kí ẹ̀rọ náà ṣe é lójú gbogbo ayé. Ọ̀gá wa pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà kan wá sí Iléṣà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí ibẹ̀. Ó ní èmi ló kàn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá láti Ìbàdàn yóò wà ní Òṣogbo, wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ mi. Ó fi kún un pé kí Fúnmi náà gbé tirẹ̀ lọ́wọ́, bóyá a ó nílò rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ètò tèmi jẹ́ irínwó káàdì ó lé díẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò to orúkọ àwọn tíṣà gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ẹni tó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ dórí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ kan ọ́fíìsì wa. Òjò ti rọ̀ sí àpótí káàdì tí wọ́n ní kí n lò, n kò sì lè gbé ìtìjú lọ sí Òṣogbo. Mo ti ra bàtà tuntun nítorí àpérò náà, àpótí rẹ̀ sì gba káàdì mi bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ̀sùn kejì kan ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀, tó fún mi ní rọ́bà tó ti wà lójú fèrèsé nínú oòrùn láti ìgbà tí n kò mọ̀. Fúnmi fi ìka fà á wò, ó ní, “Bọ̀dá, rọ́bà yìí ti gbó.” Mo ní kó máa wo tirẹ̀. Ẹ̀sùn kẹta kan dírẹ́bà, tó ní kí n gbé àpótí náà sí búùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu tí ó fẹ́ gbé fún àna rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọpọlọ ènìyàn kì í bá iṣu jókòó. Mo gbé e lé itan láti Iléṣà dé Òṣogbo, kò sì sí kòtò kan lọ́nà tí ọkùnrin náà kò yà kí. Nígbà tí a dé, n kò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ẹsẹ̀.

Ọkùnrin kan láti Òkè-Baálẹ̀, Alhaji Rájí, ló ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà. Láti àná ló ti ń fi pọ́líìṣì pupa nu ilẹ̀ ibẹ̀, ó ti nù ún débi pé bí o bá bojú wo ilẹ̀, wàá rí eyín ara rẹ. Mo ka ìyẹn sí ẹ̀sùn kẹrin. Ẹ̀sùn karùn-ún wúwo ju gbogbo wọn lọ: ìwé ìpè kò dárúkọ alága ọjọ́ náà. Bí mo ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà, ta ni mo rí lórí àga, tó de fìlà, tó mú ọ̀pá dání? Bàbá Tíṣà, tó kọ́ mi ní kíláàsì kejì ní Iléṣà, tí àpá pàṣán rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi.

Fúnmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí i náà. Ó gbé àpótí tirẹ̀ sórí tábìlì kan tó wà létí ògiri, ó tún un gbé kó má baà yẹ̀, ó wá padà wá, ó kúnlẹ̀. Mo rí gbogbo èyí kedere. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí mi ní ìdúró nígbà tí ọmọbìnrin ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹni tó kọ́ mi ní ABD? Mo há àpótí bàtà mọ́ abíyá, mo sì dọ̀bálẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ tó ti kú sí mi lára, bàtà tuntun tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán, pọ́líìṣì Alhaji: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbìmọ̀ pọ̀. Mo fi àyà yọ̀ lórí ilẹ̀ títí orí mi fi kan ọ̀pá Bàbá. Àpótí ti ṣáájú mi débẹ̀. Rọ́bà já, páú, irínwó káàdì ó lé díẹ̀ sì tú yẹ́ẹ́ sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ, fáànù òkè ń gbá wọn kiri abẹ́ àga.

Bàbá Tíṣà fọwọ́ bà mí lórí, inú rẹ̀ dùn dọ́ba. “Dìde, ọmọ Ọbókun. O ò tíì gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.”

Kí n tó dìde, ìrànlọ́wọ́ ti dé, òun ló sì pa mí tán. Ó ju ogún ènìyàn lọ tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n rò pé ojú ló ń tì mí. Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ ni Alhaji Rájí, tó gbá mi lápá mú tí kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Láhaọ̀la,” ló wí, “àlejò wa kọ́ ni yóò máa ṣa nǹkan nílẹ̀.” Wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá fún mi, wọ́n ń nu eruku ara rẹ̀, wọ́n ń kí mi kú àdánù. Wọ́n gbá gbogbo rẹ̀ jọ sórí tábìlì, ó gún régé, àwọn kan dorí kodò, àwọn kan kẹ̀yìn sí wa. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti yọ àwọn tí etí wọn ti ká sọ́tọ̀, ó ní kí wọ́n má ba ẹwà àwọn tó kù jẹ́.

“Àlùhámdùlílàhì,” ni Alhaji wí. “Ó tiẹ̀ dára ju bí ẹ ṣe gbé e wá lọ.”

Fúnmi sún mọ́ mi. Ó ní kí a jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, kí a wo ilà wọn, kò ní gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wo etí káàdì mi. Ó funfun bí ẹyin. Kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì ni ẹ̀sùn mi kẹfà, nítorí ẹ̀rín ìbá sàn ju ojú tó fi wò mí lọ. Ó rọra ní kí n jẹ́ kí òun bẹ Ọ̀gá kí wọ́n sún wa sí ọ̀sán. Mo ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tí mo kọ. Mo gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pe Iléṣà, mo ti to mẹ́tàlélọ́gọ́ta, afẹ́fẹ́ sì ti gba méjìlá padà nínú wọn.

Ọ̀gá wa ló fi mí hàn. Ó pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní èmi lẹni tó mọ iṣẹ́ jù lọ ní ọ́fíìsì òun, ó ní bí mo bá ti kọ nǹkan, ó ti tán. Mo kó káàdì sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gbé wọn mì, ó dákẹ́, bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀, gbàrà gbàrà gbàrà, ìwé ń tú jáde bí omi, ó ń ká jọ sílẹ̀, kò sì dúró. Ohun kan náà ló wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan: pé ohun tí mo kọ kò yé òun. Ṣùgbọ́n àwa oníṣẹ́ nìkan ló lè kà á. Bàbá Tíṣà dìde, ó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí alága ti pàtẹ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Àwọn ará Ìbàdàn kò pàtẹ́wọ́ ní tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ń wo àjà. Èmi ńkọ́? Mo tẹríba. Ẹ gbọ́ mi o, mo tẹríba fún àtẹ́wọ́.

Wọ́n ní láti pa ẹ̀rọ náà kó tó dákẹ́. Bàbá ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún òun nínú ìwé náà, òun ó fi han ará ilé. Ọ̀gá wa kò wò mí. Ó ní, “Fúnmi, tìrẹ dà?” Tirẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ojú ìwé kan péré, ó mọ́ tónítóní. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́, nítorí ó kéré lójú wọn. Àwọn ará Ìbàdàn ní kí ó dìde. Wọ́n bi í ní ìbéèrè méjì, wọ́n sọ̀rọ̀ létí Ọ̀gá, ó sì kéde níbẹ̀ pé Fúnmi ni yóò máa ṣe olórí kọ̀ǹpútà Iléṣà.

Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ àpérò náà, ojú ìwé fúlúskáàpù méjì, ẹ̀sùn mọ́kànlá, mo sì fi nọ́ńbà sí wọn. Èsì wọn kò ju ìlà méjì lọ. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹ̀sùn mi, ṣùgbọ́n kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, kí n jọ̀ọ́ sọ fún àwọn ibi tí ilà káàdì mi wà. Títí di òní, n kò tíì fèsì.

Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́rin, mo lọ kí Bàbá Tíṣà nílé rẹ̀ ní Iléṣà. Mo gbé àpò mi sílẹ̀ kí n tó dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn náà ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ìwé náà lára ògiri, nínú férémù onídígí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ní àwọn àlejò máa ń bi òun ohun tó wà níbẹ̀, òun a sì sọ pé ọmọ tí òun kọ́ ló kọ ọ́.

“Kí ló tiẹ̀ sọ gan-an?” ló bi mí.

Irọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. “Bàbá, ó ní ohun tí mo kọ ò yé òun ni.”

Ó wo ìwé náà, ó wò mí. “Ohun tí èmi náà ń sọ nípa rẹ ní kíláàsì kejì nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Kò sì yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Síbẹ̀, n kò fa ẹ̀sùn mi sẹ́yìn. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ní kí wọ́n nu ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ ẹni tó tan fáànù, àti ìdí tí ìgbìmọ̀ fi pa orúkọ alága mọ́ fún wa. Kí ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ sọ ọjọ́ orí rọ́bà yẹn fún mi. Ẹni ìkẹyìn tí mo ń bi léèrè ni ọkùnrin kan tó ní pẹ́ńsùlù lápò àyà rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó fa ilà kan lọ. Àràárọ̀ ni mo ń bi í nínú dígí bí mo bá ń fá irùngbọ̀n: kí ló dé tí o ò fà á? Ẹ̀rín ló máa ń rín sí mi, tí èmi náà a sì bá a rín in, nítorí kò ní pẹ́ tí n ó dé ọ́fíìsì, tí Màdáámú Fúnmi yóò gbójú sókè láti orí àga tó yẹ kó jẹ́ tèmi, tí yóò na pẹ́ńsùlù pupa sí mi, tí yóò ní, “Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ilà ńkọ́?”