Ẹnjiníà Ajíbádé àti Ìkọ́ Bọ́ọ̀sì Oníwáyà

Bí ẹ bá dé Adó-Èkìtì ní ọdún 1978, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú lójú oòrùn ọ̀sán, tí òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọyẹ́ ń fẹ́ sí lára, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á ti sọ ọ́ kí ẹ tó kí i tán. Ẹnjiníà Ajíbádé ni. Ajíbádé a-bá-Òyìnbó-jẹun-má-fọwọ́! Ajíbádé a-wọ-kóòtù-bí-ẹni-wọ-awọ! Ta ló tún tó o nílùú yìí?

Ọdún méjìlá ló lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti padà dé, àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó rò pé àná ni ọkọ̀ òfuurufú já a sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé iyán síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè fọ́ọ̀kì. Bí fọ́ọ̀kì ò bá sí, á mí kanlẹ̀, á fọwọ́ jẹ ẹ́ tán, á sì ní kí wọ́n tún bù sí i.

Àpótí irin kan ṣoṣo ló gbé bọ̀ láti òkè òkun, ìkọ́ ló sì kún inú rẹ̀. Ìlú tó gbé lọ́hùn-ún ní bọ́ọ̀sì tí kì í mu bẹntiróòlù. Wáyà ni wọ́n ta sókè ojú títì, bọ́ọ̀sì a na ọ̀pá gígùn sókè, táyà kékeré kan lórí ọ̀pá náà a máa yí lọ lábẹ́ wáyà, iná a sì máa gba ibẹ̀ wọnú ọkọ̀. Ìkọ́ wọ̀nyí ló ń gbé wáyà náà rọ̀. Idẹ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Orí wọn dúdú, ó rí roboto, kí iná má baà gba ibẹ̀ wọnú òpó. Wọ́n ní ètè méjì tí wọ́n fi ń bu wáyà jẹ. Nígbà tí ìlú náà kò fẹ́ irú bọ́ọ̀sì yẹn mọ́, wọ́n tú wáyà, wọ́n kó ìkọ́ dànù bí irin àlòkù. Ajíbádé ṣa ẹ̀kún àpótí kan.

Gbogbo Sátidé ló ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ wọ́n. Á tò wọ́n sórí rédíògíráàmù ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó.

"Kí nìwọ̀nyí, Ẹnjiníà?" ni àlejò á béèrè.

"Rọra, má fọwọ́ kàn án! Ohun tó gbé ilẹ̀ Òyìnbó ró nìyẹn. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ pé ẹni tó ní ìkọ́ ni ayé ń rọ̀ mọ́."

Àgbà kankan ò sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Ajíbádé ló ń rọ òwe fúnra rẹ̀ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ ọkọ́.

Kì í ṣe ìkọ́ lásán ló wà lọ́kàn rẹ̀ o. Pápá kan wà lọ́nà Ìyìn, ilẹ̀ ẹbí Ọlátúbọ̀sún ni, wọ́n fi yá ilé-ìwé kan láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń dáko ilé-ìwé. Oníṣòwò epo kan láti Àkúrẹ́ ti rí pápá yìí, ó ti sọ fún Ajíbádé pé bó bá lè gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, òun á kọ́ ilé epo síbẹ̀, Ẹnjiníà á sì di olówó. Ibi tí bọ́ọ̀sì tí kì í mu epo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ajíbádé wẹ̀, ó fi pọ́dà kunra, ó kó ìkọ́ mẹ́ta sínú báàgì, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Ọlátúbọ̀sún, olórí ẹbí. Ọ̀rọ̀ dídùn ní í yọ obì lápò, ọkùnrin yìí sì mọ ibi tí àpò Adó wà.

"Bàbá, nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun, ta ni wọ́n gbé olú-ìlú fún?"

Bàbá tutọ́ sílẹ̀. "Àkúrẹ́."

"Ta ni wọ́n kọ́ ilé ìjọba fún?"

"Àkúrẹ́ kan náà ni! Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n lọ rù ú wá ni?"

"Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, Bàbá. Ṣùgbọ́n ṣé Àkúrẹ́ ní bọ́ọ̀sì tí kì í mu bẹntiróòlù?" Ó kó ìkọ́ jáde, wọ́n ń dán yinrin. "Láti Adó dé Ìyìn, fìrì! Kò ní sí èéfín, kò ní sí ariwo. Àkúrẹ́ á máa wò wá láti òkèèrè, itọ́ á máa dà lẹ́nu wọn. Pápá tí bọ́ọ̀sì á máa sùn sí nìkan ló kù."

Bàbá Ọlátúbọ̀sún jẹ́ ọlọ́gbọ́n ènìyàn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ nídìí iṣu tàbí kòkó, onítọ̀hún á pẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé olú-ìlú lọ sí Àkúrẹ́, ibi kan rọ̀ lọ́kàn rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni Ajíbádé tẹ̀.

"Ùlú wa á tún gbayì!" ni Bàbá wí.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, hẹ́dímásítà ilé-ìwé náà, jókòó síbẹ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀. "Ẹnjiníà, iná tí kò lè tan gílóòbù ilé mi fún wákàtí méjì, ṣé òun náà ló máa wa bọ́ọ̀sì?"

"Hẹ́dímásítà, ìkọ́ ni ìṣòro ayé, iná kì í ṣe ìṣòro. Ìlú tó bá ti ní ìkọ́, iná á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a wá."

Hẹ́dímásítà ní kò burú. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń gbè sẹ́yìn Àkúrẹ́?

"Ó ti parí," ni Bàbá wí. "Ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó tẹ̀ka sí ìwé. Àmọ́ o mọ àṣà ulé wa. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe uṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀, lójú gbogbo ẹbí. Àgbẹ̀ á kọ ebè kan. Lọ́jọ́ tí àwọn tíṣà gba pápá yẹn, abẹ́ igi ni wọ́n ti kọ́ wa ní A, B, D. Ìwọ á so ìkọ́ kan."

Ọ̀rọ̀ yìí ò sí nínú ètò Ajíbádé. Ó ti bá Olúmúyìwá, oníṣẹ́ iná láti Ìjàn, sọ ọ́ pé kó bá òun so ó. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ kò so ìkọ́ kan rí láyé.

"Bàbá, ẹnjiníà kì í gun òpó. Ńṣe ló ń nawọ́."

"Lọ́jọ́ Sátidé," ni Bàbá wí, "wàá gùn ún."

Ajíbádé padà sílé, ó gbé ìkọ́ kan sọ́wọ́, ó ń yí i síwá-sẹ́yìn. Kí ló le nínú ìkọ́? Ìkọ́ alápatà ń kọjú sókè kí ẹran má baà jábọ́. Ìkọ́ tí wọ́n ń fi fìlà kọ́ lára ògiri ń kọjú sókè. Ìkọ́ wo ló ń kọjú sílẹ̀ láyé? Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí kò lè gbé eèrà tó ń kùsà sí erin, títẹ́ ní ń tẹ́, àmọ́ òwe yẹn kò sí nínú àwọn tí Ajíbádé rọ.

Sátidé pé. Ọyẹ́ mú, eruku pupa bo ewé, èrò kún pápá bámúbámú. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń jẹ ọsàn, wọ́n ń ju èèpo sílẹ̀. Olúmúyìwá ti ri òpó mẹ́ta, ó ti so wáyà mọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Òpó àárín, tó na ọwọ́ kan síta, ló ń dúró de Ẹnjiníà. Bọ́ọ̀sì jẹ́ ògbólógbòó ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n gbé ọ̀pá kan dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú táyà kékeré lórí, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: ÀKÚRẸ́ Ò NÍ I.

Ajíbádé gun àkàbà pẹ̀lú kóòtù. Ó de ìkọ́ mọ́ ọwọ́ òpó, ó kọjú ètè rẹ̀ sókè, ó gbé wáyà lé e láàárín. Orí dúdú roboto wá yọ sísàlẹ̀ wáyà bí gẹ̀gẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Olúmúyìwá wí jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀, "ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?"

"Ọdún mélòó lo lò nílẹ̀ Òyìnbó?"

"N ò débẹ̀ rí, sà."

"Ó dáa. Pa ẹnu rẹ dé."

Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀, ó gorí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kọjú sí èrò, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ tì í!"

Ọkùnrin mẹ́fà tì í. Táyà orí ọ̀pá ń yí lábẹ́ wáyà, ó ń dún kírìrì, kírìrì. Ariwo sọ. Àwọn ìyá ń ṣe "Yéè! Ẹ wo nǹkan!" Bàbá Ọlátúbọ̀sún dìde, omi lé ròrò sí i lójú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti dúdú fún yíǹkì, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ìgbà náà ni táyà dé òpó àárín. Gbàgà! Ọ̀pá forí sọ orí dúdú roboto, ìkọ́ já, wáyà wálẹ̀ gbọ̀jọ̀gbọ̀jọ̀ pẹ̀lú ìkọ́ lára rẹ̀, ètè idẹ méjèèjì sì há mọ́ kọ́là kóòtù Ẹnjiníà. Àwọn tó ń ti ọkọ̀ kò mọ̀, wọ́n ṣáà ń tì í lọ. Ọkọ̀ lọ, Ajíbádé kù. Ó fìdí jókòó sínú eruku, kóòtù fàya láti ọrùn dé ìdí, gbogbo Adó sì rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ní kọ́là, ó ní àyà, àmọ́ kò ní ẹ̀yìn.

"Afẹ́fẹ́ ni!" ni ó ké. "Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló gbé e!"

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́," ni obìnrin kan wí.

Àyọ̀kẹ́ ni, opó tó ń ta búrẹ́dì àti àkàrà fáwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó gbé igbá búrẹ́dì sílẹ̀. "Olúmúyìwá, mú ìkọ́ yẹn gun òkè. Yí i padà, kí ètè kọjú sílẹ̀. Òkè ló ti ń gbá wáyà mú. Abẹ́ wáyà gbọ́dọ̀ ṣófo, ibẹ̀ ni táyà ń gbà kọjá."

Olúmúyìwá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ọkọ̀ padà sẹ́yìn òpó. Àyọ̀kẹ́ mú ọparun kan tó gùn, ó nà án sókè, ó fi gbé ọ̀pá ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, táyà bọ́ sábẹ́ wáyà pé. "Ẹ tì í." Ọkọ̀ kọjá lábẹ́ òpó àárín láìkọsẹ̀.

"Àyọ̀kẹ́!" ni Bàbá wí. "Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Nígbà tí mo bá ọkọ mi lọ sókè òkun ni, Bàbá. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ni mí nínú irú ọkọ̀ yìí fún ọdún márùn-ún. Bí ọ̀pá bá yọ, àwa la máa ń fi ọparun gbé e padà. Ìlú kan náà tí Ẹnjiníà gbé ni."

"O ò sì sọ nǹkan láti ọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí? Mo ní kí n má ba tirẹ̀ jẹ́. Àmọ́ eruku pápá yìí ni mo jókòó sí tí mo fi ń tọ́ ọmọ mẹ́rin. Bí pápá bá lọ, ibo ni kí n gbé igbá mi sí?"

"Kí ni Ajíbádé wá ń ṣe níbẹ̀?"

Ajíbádé fò dìde. "Bàbá, kò sí ọkọ̀ kan tó ń jáde láàárọ̀ tí kò gba ọwọ́ mi kọjá!"

"Òótọ́ ló sọ," ni Àyọ̀kẹ́ wí. "Inú gbogbo wọn ló máa ń gbá. Ó sì ń gbá wọn mọ́ tónítóní, n ò ní purọ́ mọ́ ọn."

Ẹ̀rín bú. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó wo àtàǹpàkò dúdú ara rẹ̀, ó wo ìwé òyìnbó tó wà lórí tábìlì. "Hẹ́dímásítà, ka ohun tí a fẹ́ tẹ̀ka sí fún wa."

Hẹ́dímásítà kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ: "Wọ́n ní, fún bọ́ọ̀sì oníwáyà, tàbí ilé epo bẹntiróòlù, tàbí ohunkóhun tó bá wu Ajíbádé. Wọ́n ní ó lè tà á fún ẹnikẹ́ni, ní Adó, tàbí… ní Àkúrẹ́."

Ẹ̀rín dá wáí. Bí wọ́n bá ní olè ni Ajíbádé, wọn ì bá dárí jì í. Àkúrẹ́! Ìyá àgbà kan tú gèlè lórí, ó dì í mọ́ ìbàdí. Bí kì í bá ṣe Bàbá tó gbọ́wọ́ sókè, ọ̀rọ̀ ì bá dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá gba ìwé náà, ó fi nu yíǹkì ọwọ́ rẹ̀, ó fún un pọ̀, ó jù ú sáàárín èèpo ọsàn.

"Pápá di ti àwọn ọmọ," ni ó wí. "Ẹ máa lọ sílé."

"Ẹ dákun, Bàbá," ni Hẹ́dímásítà wí, ohùn rẹ̀ ti le. "Òfin kan wà nílé-ìwé wa. Ẹni tó bá pe èrò sí pápá ló ń tún pápá ṣe kó tó lọ." Ó na ìgbálẹ̀ sí Ajíbádé.

Ajíbádé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀nà Ìyìn kún fún èrò, kò síbi tó lè gbà. Ó bọ́ èyí tó kù nínú kóòtù, ó gba ìgbálẹ̀, ó tẹ̀ ba.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí ló wá ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n gbá! Ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó ń rìn sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà ba ojú ibi tó gbá jẹ́. Ìgbálẹ̀ ń lọ féréfèré, eruku ò sọ, èèpo ẹ̀pà àti èèpo ọsàn ń kóra wọn jọ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ wọn. Àwọn tó ti ń lọ padà wá wò ó. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn gbè é, ó di gbogbo pápá.

Bàbá Ọlátúbọ̀sún sún mọ́ ọn, ó fara ti ọ̀pá, ó ń wo ilẹ̀ tó mọ́ fóò.

"Ajíbádé, uṣẹ́ rèé! Uṣẹ́ gidi rèé o! Kí ló dé tóo fi pa á mọ́ fún wa fún odidi ọdún mẹ́ta?"

Òógùn bo ojú Ajíbádé, bóyá omijé wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ń gbá a lọ sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí ó fi dé ẹnu ilé gólù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Òyìnbó.