Wẹ́bùsáìtì Tó Kọ̀ Tí Kò Ti Ìsinmi Dé

Ẹjọ́ kan já wọ ààfin Baálẹ̀ wa lẹ́yìn Mówè lánàá, ẹjọ́ tí kò ní ilẹ̀ nínú, tí kò ní ìyàwó nínú. Wẹ́bùsáìtì ló dá a sílẹ̀.

Alhaja Ròkíátù ló pẹjọ́, ìyá tó ni ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lójú ọ̀nà Ìbàfò. Nínú àádọ́rùn-ún ọmọ, méjìlélógún péré ló ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Tíṣà méjì ti ń wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ̀rù ń bà á pé ilé ìwé fẹ́ kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, Fọláwẹ̀mí ló ṣe wẹ́bùsáìtì ilé ìwé mi. Ó ní ètò méjì ló wà tí wọ́n fi ń darí ẹ̀. Kékeré kan wà, ẹni tó bá ti lè tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù á lè lò ó. Ńlá kan wà táwọn báńkì ń lò. Mo ní kékeré ni mo fẹ́. Ńlá ló gbé wá! Nígbà tá a gba ìsinmi, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'A wà ní ìsinmi.' A ti wọlé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wẹ́bùsáìtì ò tíì wọlé. Kò fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù, kì í gbé fóònù. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ni mo ṣe wá bá yín."

Fọláwẹ̀mí, ọmọkùnrin tó kàwé ẹ̀rọ ní Ìbógùn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Òótọ́ ni, Bàbá. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Tí ọmọ bá rí ìyá àgbà tó ru igi bọ̀ látoko, ṣé kò ní gbà á ni? Ẹrù ni mo gbà lórí Alhaja! Kékeré yẹn, àwọn fúnra wọn láá máa tẹ̀ ẹ́. Kí ẹni tó ti dé Mẹ́kà máa tẹ nǹkan, kí èmi ọmọ wọn máa wòran?"

Àwọn ìjòyè mi orí. Alhaja kọjú sí i. Ọmọ yìí fẹ́ fi ìdọ̀bálẹ̀ jàre òun.

"Ẹrù tó o gbà, ibo lo gbé e dé?"

"Mo sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ ni, Alhaja. Iṣẹ́ pọ̀."

Mùtíù télọ̀ bọ́ síta láti jẹ́rìí fún Fọláwẹ̀mí.

"Bàbá, ètò ńlá yẹn ò le rárá. Ọmọ ọwọ́ lè lò ó. Òun ló wà lórí wẹ́bùsáìtì ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ta ló ń bá ọ yí ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ padà?" Baálẹ̀ bi í.

"Fọláwẹ̀mí ni, sà."

"Ìgbà wo ló ṣe é gbẹ̀yìn?"

Mùtíù wolẹ̀. "Ó ṣì ń kí àwọn oníbàárà mi kú ọdún Iléyá èṣí."

Ẹlẹ́rìí Alhaja ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbọ̀dé, tó ń ti Arẹ́pò wá síṣẹ́ ní Mówè.

"Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà nílé, Bàbá. Àràárọ̀ ni mò ń wo wẹ́bùsáìtì."

"O kì í gba iwájú ilé ìwé kọjá ni?"

"Ojoojúmọ́ ni. Mo ń rí àwọn ọmọ nínú yúnífọ́ọ̀mù, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń ka ABD."

"Kí lo wá rò?"

"Mo ní ìsinmi yìí mà dùn mọ́ wọn o!"

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Alhaja nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àwọn àga tó ṣófo ló ń rò.

Baálẹ̀ wúkọ́.

"Fọláwẹ̀mí, o wí ire. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹrù lórí àgbà, ilé ló ń bá a gbé e dé. Láti ọ̀la lọ, ìwọ gan-an ni wẹ́bùsáìtì. Wọ́n á gbé pátákó dúdú kọ́ ọ lọ́rùn, wàá dúró lẹ́nu géètì látàárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Ọwọ́ Alhaja ni ṣọ́ọ̀kì máa wà. O ò gbọdọ̀ bọ́ pátákó náà títí Alhaja á fi lè yí ọ̀rọ̀ wẹ́bùsáìtì padà láì pè ọ́."

"Bàbá, iṣẹ́ tèmi ńkọ́?"

"Bẹ Alhaja. Tó bá ráyè, á bá ọ kọ ọ́ sórí pátákó."

Láàárọ̀ yìí, kí aago méje tó lù, Fọláwẹ̀mí ti wà lẹ́nu géètì, "A TI WỌLÉ" gàdàgbà láyà rẹ̀. Ògúnbọ̀dé dá mọ́tò dúró, ó kà á tán, ó yọ fóònù, ó ní òun fẹ́ fi wẹ́bùsáìtì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ojú Fọláwẹ̀mí là. Ó jókòó sílẹ̀ tòun ti pátákó, ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ yọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ètò kékeré tí kò yẹ àgbà ti dé orí fóònù Alhaja. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: "A ti wọlé o." Kò pẹ́, Ògúnbọ̀dé pè é láti ibi iṣẹ́ pé òun ti rí i, òun fẹ́ lọ kó àwọn ọmọ òun wá. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Alhaja.

"Alhaja," Fọláwẹ̀mí fọwọ́ kan okùn ọrùn rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ pátákó yìí kalẹ̀."

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi," ni Alhaja wí, ó sì wọ ọ́fíìsì lọ. "Iṣẹ́ pọ̀."