Lowell Bratvold, Ẹni Tó Kú sí Kansas

Kí àlejò tó rí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Nordby, orúkọ Lowell Bratvold ni yóò kọ́kọ́ rí. Ó wà lára ilé ìtajà tó ti ń ta ẹ̀rọ ìgékoríko. Ó wà lára ìjókòó tó wà ní pápá bọ́ọ̀lù. Ó wà lára agolo ìdọ̀tí méjì tó fi ta ìlú lọ́rẹ létí adágún, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi débi pé ẹnu agolo fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríbi wà.

Lowell, ọmọ Bratvold! A-rí-máìkì-gbàgbé-oúnjẹ! Jagunjagun tí ọta ìbọn ò bà rí, nítorí ibi tí ọta bá wà, Lowell ò sí níbẹ̀!

Ó ṣiṣẹ́ ológun lóòótọ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ogun Vietnam ń gbóná, ọdún méjì gbáko ló fi wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àwọn ológun ní Kansas, tó ń ka ìbọ̀sẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ń jagun náà ní ẹsẹ̀. Àmọ́ lọ́dọọdún ni ìbọ̀sẹ̀ yẹn ń sún mọ́ ojú ogun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Nordby, ìtàn Kansas ló ń sọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ti di "nígbà tí a wà lọ́hùn-ún." Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ó mu kọfí tán ní ilé oúnjẹ, ó wo ojú fèrèsé títí, ó ní, "Ohun tí ojú mi rí lọ́hùn-ún, ẹnu ò lè ròyìn ẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìròyìn ìbọ̀sẹ̀?

Òkúta kan wà ní itẹ́ òkú wa. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí i lókè pé: ÀWỌN TÍ KÒ PADÀ WÁLÉ. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ wọn wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ibi tó kú sí: Argonne, Anzio, Okinawa. Ẹni tó kẹ́yìn ni Gary Hegland, Vietnam. Òun àti Lowell jọ jáde ìwé lọ́jọ́ kan náà ni.

Láàárín Okinawa àti Vietnam, ìlà kan ṣófo. Ti Arlen Ostby ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó sọnù nínú yìnyín ní Chosin, lójú ogun Kòríà, tí ẹnikẹ́ni ò rí òkú rẹ̀. Ìjọba kọ̀wé pé ó ti kú. Ìyá rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má fi irin kan òkúta náà, àfi bí òun bá fojú rí i. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù. Wọ́n fi ìlà sílẹ̀ fún un, ìyá sì retí títí ó fi kú.

Ó wá ku Verna, àbúrò Arlen, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ogún ọdún ni Verna ti ń ka orúkọ wọ̀nyí ní Ọjọ́ Ìrántí, ní ìparí oṣù Karùn-ún, tí èmi ń lu aago lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà lára òkúta nìkan ló ń kà. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò kúkú fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún un.

"Tí mo bá fi tèmi kún un," ó ní, "ta ni màá tún sọ fún pé kó má fi tiẹ̀ kún un?"

Lọ́dún yìí ló wá kọ ọ́ sínú ìwé fún ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òkúta náà: Arlen Ostby, Chosin. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ gbọ́ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó lọ. Ta ni alága ìgbìmọ̀? Lowell ni. Ó gba ìwé náà tọwọ́tẹsẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ìlà yẹn máa kún."

Ìlà náà kún.

Ọjọ́ mẹ́ta kí Ọjọ́ Ìrántí tó pé, èmi àti Verna lọ ń ri àsíá kéékèèké mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibojì àwọn ológun, bí a ti ń ṣe. Lowell ti fi aṣọ funfun bo òkúta náà, ó ní òun ni òun máa ṣí i. Atẹ́gùn ò gbọ́ ti alága. Ó gbé aṣọ sókè, a sì rí i kedere: LOWELL BRATVOLD, KANSAS.

 Verna na ọwọ́, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé ojú rẹ̀ lè ti ṣì í kà. Inú bí mi. Mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìtajà Lowell tààrà.

"Lowell, orúkọ ta ni mo rí lára òkúta?" ni Verna bi í.

Ojú ò tilẹ̀ tì í. "Ẹ ti rí i? Mo fẹ́ kó bá gbogbo ìlú lójijì ni."

"Ó bá mi lójijì."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ò lè mọ̀ bóyá wọ́n kọ orúkọ òun tàbí wọn ò kọ ọ́. Èmi wà níbí, màá máa kọjá, màá máa rí i."

"Ọjọ́ Ìrántí, ọjọ́ òkú ni. Àwọn obìnrin tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà pa ọkọ wọn, tó pa ọmọ wọn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó òdòdó lọ sórí ibojì. Tìẹ, ọjọ́ àwọn ológun tó wà láàyè, ń bẹ ní Nòfẹ́ńbà, lọ́jọ́ tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí. Wọ́n kúkú ń fún ẹ ní páńkéèkì ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Òtútù máa ń mú ní Nòfẹ́ńbà, èrò kì í wá. Ẹ tiẹ̀ gbọ́, kí ni ìyàtọ̀? Ológun ni ológun. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe fún àwọn yẹn, kí wọ́n ṣe é fún èmi náà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá! Ẹ má fò mí o."

"N kì í fo ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo fẹ́ kó o yọ ọ́."

Lowell rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí ìwé òfin ìgbìmọ̀ tó gbé kọ́ sára ògiri. "Òfin ni, Màmá. Orúkọ tó bá ti wọ òkúta, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́, àfi kí olórúkọ fúnra ẹ̀ dìde níwájú ìlú, kó béèrè, kó sì sọ ìdí ẹ̀. Nínú gbogbo wọn lọ́hùn-ún, ta ló máa dìde?"

Wọ́n ní ẹni tó gbé adìyẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Verna kì í ṣe aláròyé. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ba Lowell lẹ́rù. Mo fi ọkọ̀ gbé Verna dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Aago ẹ yẹn," ó bi mí, "ó ṣì ń dún dáadáa?"

"Ó ń dún, Màmá."

"Ó dáa."

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n fa àsíá sí ìdajì òpó, níbi tó máa ń wà títí di ọ̀sán gangan. Gbogbo ìlú gbé àga wá. Lowell wọ aṣọ ológun rẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ò dé ihò mọ́. Àmì-ẹ̀yẹ mẹ́rin ló wà láyà rẹ̀: ọ̀kan ti ìwà rere, mẹ́ta ti ìpàtẹ ẹ̀rọ ìgékoríko. Ó gba máìkì lọ́wọ́ Pásítọ̀, kò sì dá a padà. Ó ní òní ni ọjọ́ tí Amẹ́ríkà gba òmìnira. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé oṣù Keje nìyẹn. Lowell ní òmìnira kì í wo oṣù.

Ó fa aṣọ kúrò lára òkúta. Àwọn méjì pàtẹ́wọ́. Àwọn méjèèjì ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Verna bọ́ síwájú òkúta, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Nels Tveit. Ó kú sí Argonne." Mo lu aago. Ọmọ ọmọ Nels gbé òdòdó síwájú òkúta. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ̀, títí a fi kọjá Okinawa.

"Lowell Bratvold," ni Verna kà, ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Ó kú sí Kansas."

Mo lu aago. Mo lù ú dáadáa.

Gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà. Lowell náà ṣí tiẹ̀, kó tó rántí ẹni tí wọ́n ń dárò.

Verna gbójú sókè. "Ẹbí Lowell Bratvold dà?"

Darlene, ìyàwó rẹ̀, dìde. Ọdún márùndínláàádọ́ta ló ti fi ń gbọ́ ìtàn ìbọ̀sẹ̀. Ó mú òdòdó kan, ó rọra rìn lọ, ó gbé e síwájú òkúta, ó tẹrí ba, ó padà lọ jókòó.

"Mo wà láàyè!" ni Lowell ké sínú máìkì.

"Àwọn tí kò padà wálé là ń kà," ni Verna wí. "Jókòó, Lowell. O ní ká ṣe gbogbo ẹ̀ fún ẹ."

Dennis Hegland, àbúrò Gary, dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀. "Lowell, àwọn wo gan-an la bá jà ní Kansas?"

"Ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ orúkọ mi kúrò!"

"Òfin ní kí olórúkọ sọ ìdí ẹ̀," ni Verna wí.

"Nítorí pé mi ò kú!"

"Ìyẹn nìkan?"

Lowell wo òkúta. Orúkọ Gary ló wà lábẹ́ tirẹ̀ gan-an. "Mi ò lọ sógun," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ka ìbọ̀sẹ̀."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Mo ka ìbọ̀sẹ̀!"

Máìkì tí kò fẹ́ fi sílẹ̀ láti àárọ̀ gbé ohùn rẹ̀ dé adágún, àwọn ẹyẹ fò kúrò lójú omi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn fún un bí a bá rẹ́rìn-ín.

"Ìlú ti gbọ́," ni Verna wí. "Ìlà kan ṣófo."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò nílò rẹ̀ fún eléyìí. "Arlen Ostby," ó ní. "Ó kú..." Ó gbé ọwọ́ lé òkúta. Ó tún un mú. "Ó kú sí Chosin."

Mo lu aago, mo sì jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Omi dà lójú mi, n ò sì nù ún. Verna fúnra rẹ̀ ló gbé òdòdó lọ. Lẹ́yìn náà ló ka Gary, bó ti yẹ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n fa àsíá dé orí òpó.

Ní Nordby, bí ẹnì kan bá kú, oúnjẹ la máa ń gbé lọ sílé rẹ̀: ẹran lílọ̀ nínú abọ́, tí a to ọ̀dùnkún sí lórí, tí a yan nínú ààrò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, abọ́ méje ti wà lẹ́nu ọ̀nà Darlene. Mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, mo bi í pé ta ló máa jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

"Olóògbé ni," ó ní. "Ó ti jẹ abọ́ méjì."